Àwọn Ọmọ Ìlà Karùn-ún

"Akọ̀wé, ẹ jókòó," ni Ọ̀gá-àgbà ilé-ìwé wí, bẹ́ẹ̀ àga kan ṣoṣo tó kọjú sí tábìlì rẹ̀ kún fún ìwé dé góńgó. "Ẹ kó wọn sílẹ̀, kí ẹ jókòó dáadáa."

Akọ̀wé mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ń bẹ nílẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé-ìwé náà, níbi tí àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá ti ń kàwé, ó sì ti bá ọ̀gá mẹ́rin ṣiṣẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní kó jókòó rí nítorí ìròyìn rere. Ìdúró ni wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn rere ní ọ́fíìsì yẹn. Ó kó ìwé náà sílẹ̀, ó to etí wọn kí wọ́n dọ́gba, ó jókòó.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe àtẹ yìí?" Ọ̀gá-àgbà na bébà kan sí i.

"Èmi ni, Màdáámù. Ṣé àṣìṣe wà níbẹ̀ ni?"

"Àṣìṣe kẹ̀? Ǹ bá dúpẹ́ ká ní àṣìṣe wà níbẹ̀. Ìgbà wo lẹ̀yin ṣàṣìṣe rí?"

Inú Akọ̀wé dùn díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí, ojú sì tì í pé inú òun dùn.

Àtẹ náà kì í ṣe nǹkan tuntun. Lọ́dọọdún ni ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ń béèrè rẹ̀: iye ọmọ tó wà nílé-ìwé, iye ọkùnrin, iye obìnrin, iye àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ìlà karùn-ún wà fún àwọn ọmọ tí òbí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ibòmíràn, tí wọn kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni nílé-ìwé, tí wọ́n sì ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ Àǹtí Kẹjọ ní Yàrá Kẹjọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ni Akọ̀wé ń kọ iye àwọn tó yege nínú ìdánwò ìparí ọdún sí, pẹ̀lú ìkọ̀wé kan tó mọ́ bí ẹni pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ ka ìlà karùn-ún sí mi létí."

"Ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n. Àwọn tó yege, mẹ́ta."

"Lọ́dún tó kọjá ńkọ́?"

"Mẹ́rin nínú ọgbọ̀n."

"Èyí tó ṣáájú ìyẹn?"

"Méjì, Màdáámù. Àmọ́ lọ́dún yẹn..."

"Ọdún mẹ́sàn-án, Akọ̀wé! Wọ́n ti kó o jọ síbí." Ó fi ìka lu lẹ́tà kan. "Wọ́n ní yàrá tí ọmọ kì í ti í yege, kí la fẹ́ fi ṣe. Alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Bí a kò bá rí ọ̀rọ̀ gidi sọ fún un, wọ́n á ti Yàrá Kẹjọ pa ní ìparí sáà yìí, wọ́n á gbé Àǹtí Kẹjọ lọ síbòmíràn, wọ́n á sì pín àwọn ọmọ náà káàkiri kíláàsì, kí wọ́n máa wo ẹnu olùkọ́ bí ẹní ń wo ògiri."

"Ṣé Àǹtí Kẹjọ ti gbọ́?"

"Mo sọ fún un láàárọ̀. Mo rò pé á bínú, mo ti múra sílẹ̀ fún un. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti ń bi ara òun léèrè bóyá òun mọ iṣẹ́ náà." Ọ̀gá-àgbà yọ awò ojú rẹ̀. "Ẹ bá mi tún àtẹ náà wò. Wọ́n ní iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ọjọ́ tí alábẹ̀wò máa dé mu."

Akọ̀wé padà sí yàrá rẹ̀, yàrá tóóró kan tí àpótí irin mẹ́rin ti gba ibi tó yẹ kí ènìyàn máa gbà kọjá. Kò tíì jókòó tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá Káàdì... ẹ má bínú, sà! Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ta ni Bàbá Káàdì?"

"Kò sí, sà."

Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wọlé, ọmọ ọdún méjìlá, ó di lẹ́tà olùkọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Akọ̀wé mọ ohun tó gbé e wá kó tó ṣí lẹ́tà náà. Ọmọ náà ti yege nínú ìdánwò èdè. Ó ti jáde ní Yàrá Kẹjọ. Nǹkan kan sì wà tí wọ́n máa ń ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá tóóró yìí. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀, kò sì sí ohun tó ń wù ú ṣe tó o nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ó dìde, ó di bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ tán, ó fa káàdì ọmọ náà yọ nínú àpótí. Káàdì pupa rẹ́súrẹ́sú ni ti àwọn ọmọ Yàrá Kẹjọ; funfun ni ti gbogbo àwọn yòókù.

"Lọ́jọ́ tó o dé ibí," ó béèrè bó ti máa ń béèrè, "ọ̀rọ̀ mélòó lo mọ̀?"

"Méjì, sà. 'Rárá' àti 'ilé ìtọ̀'."

"Báwo lo ṣe ń lò wọ́n?"

"Tí wọ́n bá bi mí ní nǹkan, mo máa ní rárá. Tí wọ́n bá tún bi mí, mo máa ní ilé ìtọ̀."

"Wọ́n á wá ṣe báwo?"

"Wọ́n á ní kí n máa lọ, sà. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n rò pé inú ń run mí."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Akọ̀wé, àmọ́ ó fún ojú rẹ̀ pọ̀. Ó fa káàdì pupa náà ya sí méjì, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdalẹ̀nù, ó kọ orúkọ ọmọ náà sórí káàdì funfun tuntun, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí àgbà ti ń bọ àgbà lọ́wọ́. "Àlejò ti di onílé," ó wí. "Máa lọ sí kíláàsì rẹ."

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ dípò kó kúnlẹ̀, ó rí i pé òun ti ṣe é sódì, ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó sì fò jáde. Akọ̀wé gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó jókòó, ó fa àtẹ náà mọ́ra. Iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ọjọ́ mu. Ó mú rọ́bà, ó pa méjìdínlọ́gbọ̀n rẹ́, ó kọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà wà lára àwọn mẹ́ta tó yege; ó pa mẹ́ta rẹ́, ó kọ méjì.

Rọ́bà náà dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wo àtẹ. Ó wo ilẹ̀kùn tí ọmọ náà gbà jáde. Ó tún wo àtẹ. Ọmọ kan ti yege, Yàrá Kẹjọ sì ti burú sí i. Ó dìde, ó wo inú apẹ̀rẹ̀ ìdalẹ̀nù, ó rí káàdì pupa tó ya sí méjì, ó sì ń ronú nípa gbogbo káàdì tí òun ti fà ya láti ọdún mẹ́sàn-án wá tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọmọ tó bá ti mọ̀wé, òun ló ń mú un kúrò lórí ìlà karùn-ún. Àwọn tí kò tíì mọ̀ nìkan ló ń ṣẹ́kù síbẹ̀. Báwo ni ìlà náà ṣe fẹ́ gbé orí sókè láé?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀, tí í ṣe aránṣọ, ń ran kọ́là mọ́ ẹ̀wù nínú pálọ̀. Akọ̀wé ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí aṣọ oníbàárà," ìyàwó rẹ̀ wí láìgbójú sókè. "Kí ló dé? Ẹ ò jẹun, ẹ ò sì bínú sẹ́nikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ó rò ó fún un. Nígbà tó parí, ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́.

"Nígbà náà, obìnrin yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀," ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ó mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀yin lẹ kò mọ tiyín."

"Ìyá, rọra."

"Mi ò sọ òkò ọ̀rọ̀, mo kàn ń béèrè ni. Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mo ti rò ó. Màá fi ìlà kẹfà kún àtẹ: àwọn tó ti jáde ní Yàrá Kẹjọ. Màá kọ iye tó yege síbẹ̀. Alábẹ̀wò á rí i, ọ̀rọ̀ á tán. Kò sí ẹni tó máa béèrè ìdí tí kò fi sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Àǹtí Kẹjọ ńkọ́?"

"Àǹtí Kẹjọ á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ."

"Á máa bá a lọ, á sì rò pé ẹ ṣàánú òun ni. Á ní Akọ̀wé, ènìyàn dáadáa, ó wá nǹkan fi bo àṣírí mi." Ó ké òwú pẹ̀lú eyín. "Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ sílé. Ẹ fẹ́ kó máa gbé e lọ síwájú, kí orúkọ yín lè mọ́?"

"Ọdún méjìlélógún, kò sí ẹni tó fa ìlà pupa sábẹ́ iṣẹ́ mi rí."

"Ẹ fà á fúnra yín. Kò ní dùn yín tó kí ẹlòmíràn fà á. Ẹ wá mú ẹ̀wù yìí dání fún mi kí n wò ó bóyá kọ́là rẹ̀ gún."

Ó mú ẹ̀wù náà dání. Kọ́là náà gún. Ó lọ jẹun.

Kí agogo ìwọlé tó lù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Akọ̀wé ti wà ní Yàrá Kẹjọ. Ara gbogbo nǹkan tó wà nínú yàrá náà ni wọ́n lẹ bébà mọ́, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí: fèrèsé, àga, ògiri, abọ́ ìfọwọ́, àní ìgbálẹ̀. Àǹtí Kẹjọ wà lórí àga kan, ó ń ṣí bébà kúrò lára fèrèsé. Páálí ńlá kan wà nílẹ̀ tó ti kún dé ìdajì.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀, Àǹtí," Akọ̀wé wí.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ní kí n tètè bẹ̀rẹ̀, kí iṣẹ́ má baà pọ̀ jù nígbà tó bá yá."

"Ẹ má kó nǹkan kan. Ẹ sọ̀kalẹ̀, mo fẹ́ jẹ́wọ́."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin? Kí lẹ ṣe? Ẹ gbàgbé àmì ìdánudúró?"

Kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí Akọ̀wé parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó jókòó lórí àga ọmọdé, eékún rẹ̀ ga dé àyà.

"Ẹ tún un sọ fún mi," ó wí. "Ẹ má sáré."

"Gbogbo ọmọ tí ẹ kọ́ yanjú, mo ń mú wọn kúrò lórúkọ yín. Àwọn tí ẹ ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ ni mo ń fi hàn ayé. Èmi ni mo ṣe é, Àǹtí. Mo sì ń bọ àwọn ọmọ lọ́wọ́ lórí rẹ̀."

"Ọdún mẹ́sàn-án."

"Ọdún mẹ́sàn-án."

"Ẹ̀gbọ́n, lọ́dọọdún tí àtẹ yẹn bá jáde, mo máa ń lọ sílé lọ ka ìwé tuntun. Mo lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nígbà ìsinmi lẹ́ẹ̀mẹ́rin! Ọkọ mi ní ṣé mo fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Mo rò pé mo ya òpè." Ó dìde, ó rìn dé ibi pátákó, ó padà. "Ẹ jẹ́ kí n bínú sí yín díẹ̀."

"Ẹ bínú dáadáa."

Ó dúró níbẹ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wò ó. Akọ̀wé kò gbé ojú kúrò. Lẹ́yìn náà, èjìká obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì, kò sì pẹ́ tó fi hàn pé ẹ̀rín ni.

"Ó ti tó," ó wí, ó ń nu ojú. "Mi ò lè bínú sí ẹni tó di bọ́tìnnì kóòtù wá jẹ́wọ́. Mélòó ni wọ́n, àwọn tó ti jáde, tí wọ́n ṣì wà nílé-ìwé?"

"Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Mo ti fa káàdì wọn ya."

"Ẹ ní ìwé ìgbàwọlé."

"Ìwé ìgbàwọlé kò sọ yàrá tí ọmọ wọ̀. Ọjọ́ tó dé nìkan ló sọ."

"Ẹ ka ọjọ́ fún mi. Èmi á sọ ọmọ fún yín."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́sàn-án ọjọ́ méjì, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Akọ̀wé a ka orúkọ, Àǹtí Kẹjọ a di ojú. "Bẹ́ẹ̀ ni, òun ló máa ń fi ọ̀rọ̀ kọ orin." "Rárá, àbúrò rẹ̀ ni mo kọ́, òun kọ́." "Háà! Àwọn ìbejì tí wọ́n máa ń wọ ẹ̀wù ara wọn nítorí kí wọ́n lè dá mi láàmú!" Bí Àǹtí Kẹjọ bá dárúkọ, Akọ̀wé a wá èsì ìdánwò ọmọ náà nínú fáìlì kíláàsì, a sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun tí kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni láìsí ìwé, ó ń kọ ohun tí obìnrin náà ń sọ. Ó sì ń wá ẹ̀rí rẹ̀ nínú ìwé wíwá síléèwé ti ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Àǹtí Kẹjọ ṣì í sọ, ó sì jà fún un fún ìdajì wákàtí.

Lọ́jọ́bọ̀, alábẹ̀wò dé. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni, bàtà rẹ̀ ń dán, ó sì ń wo aago bí ẹni tí ilé-ìwé mẹ́rìnlá ń dúró dè. Ọ̀gá-àgbà gbé àtẹ tuntun fún un. Ó kà á, ó gbójú sókè.

"Ìlà kẹfà wo nìyí? Fọ́ọ̀mù wa kò ní ìlà kẹfà."

"Èmi ni mo fi kún un, sà," ni Akọ̀wé wí. Ó dìde. "Àwọn ọmọ tó ti gba Yàrá Kẹjọ kọjá nìyẹn. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Mọ́kàndínláàádọ́ta ló yege. Láti ọdún mẹ́sàn-án wá ni mo ti ń kà wọ́n mọ́ àwọn ẹlòmíràn. Àṣìṣe mi ni. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ti fọwọ́ sí i."

Ọ̀gá-àgbà, tí Akọ̀wé ti rò ó fún lọ́jọ́ ìṣẹ́gun, ń wo òkè àjà bí ẹni tó ń gba àdúrà. Alábẹ̀wò mú ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ jáde, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀.

"Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá nìyẹn," ó wí. "Àwọn ọmọ yòókù, àwọn tí wọ́n bí sínú èdè yìí, mẹ́fà nínú mẹ́wàá péré ló yege. Ẹ fẹ́ kí n gbà pé àwọn tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nígbà tí wọ́n dé ti wá ju onílé lọ?"

"Ẹ mú orúkọ tó bá wù yín," Akọ̀wé dáhùn.

Ọ̀dọ́kùnrin náà kò fi eré ṣe. Ó fi ìka mú orúkọ mẹ́wàá níbi tó wù ú, ó sì ní kí wọ́n kó ìwé wọn wá. Ó wo ọjọ́ tí wọ́n dé, ó wo ìwé wíwá síléèwé, ó wo èsì. Aago rẹ̀ ń lọ, kò wò ó mọ́. Ó pa ìwé kẹwàá dé.

"Fọ́ọ̀mù wa ló béèrè iye àwọn tó wà nínú yàrá náà," ó wí. "Ohun tó béèrè lẹ kọ. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tiyín nìkan."

"Fọ́ọ̀mù béèrè nípa àwọn tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Kò ní kí n gbàgbé àwọn tó ti kọ́ ọ tán."

"Ilé-ìwé mẹ́rìnlá ló ń kọ irú fọ́ọ̀mù yìí fún mi, bàbá. A ti ti irú yàrá yìí méjì pa lọ́dún yìí." Ó fi àtẹ náà sínú àpò rẹ̀, ó tún yọ ọ́ jáde, ó ń wò ó. "Ẹ fún mi ní ẹ̀dà kan sí i. Màá mú un dání lọ sáwọn ibòmíràn kí n tó padà sí ọ́fíìsì. Ti Yàrá Kẹjọ tiyín, èmi ni màá fọwọ́ sí i: ẹ má tì í." Ó yíjú sí Àǹtí Kẹjọ, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. "Mà, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

"A máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbálẹ̀," ó wí. Ọ̀gá-àgbà bú sẹ́rìn-ín, alábẹ̀wò náà rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán, Ọ̀gá-àgbà ní òun fẹ́ lọ jókòó níbi tí kò ti sí ìwé kankan, ó sì jáde. Akọ̀wé padà sí yàrá tóóró rẹ̀. Kò tíì bọ́ kóòtù tí Àǹtí Kẹjọ fi wọlé, ó ń fa àga kan lẹ́yìn ara rẹ̀, torí ó mọ̀ pé kò sí àga fún àlejò níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó wà nílé-ìwé nísinsìnyí la kà. Àwọn tó ti kúrò ńkọ́? Àwọn ti ọdún àkọ́kọ́?"

"Ọ́fíìsì kò béèrè wọn."

"Èmi ni mo ń béèrè wọn."

Akọ̀wé ṣí àpótí irin tó jìnnà jù. Ó fẹ́ eruku kúrò lórí ìwé kan, ó gbé e sórí tábìlì, ó wá ọdún náà rí. "Ìgbà wo la fẹ́ parí èyí?"

"Kí ló ń lé wa? Lọ́dún yẹn ni mo sunkún jù. Ẹ kà á."

Ó ka orúkọ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ tó dé.

Àǹtí Kẹjọ di ojú. "Ọmọkùnrin. Oṣù mẹ́rin ni kò fi sọ̀rọ̀ rárá. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún mi pé bàtà mi kò dára." Ó la ojú. "Ṣé ó yege?"

Akọ̀wé fa fáìlì èsì ọdún náà yọ, ó fi ìka tẹ̀lé ìlà náà lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, kó má baà ṣì í.

"Ó yege."

"Ẹ tún un sọ."

"Ó yege, Àǹtí. Òun ló sì ṣe ipò kẹta nínú ìṣirò."

Obìnrin náà fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. "Ẹ bọ́ sórí ìkejì," ó wí.